Ẹ Fetí sí Kílọ́ọ̀ṣì Kí Ẹ Tó Sọ Gíàbọ́ọ̀sì Kalẹ̀

Ariwo náà kì í hàn tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ìgbà tí Bàbá Ìbejì bá dúró de èrò ní Ọlọ́runṣògo, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, tí gíà wà ní free, ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ọ: híìììn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ata ní ilé kejì. Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Ìbejì. Micra ni wọ́n ń wà, láti Ọlọ́runṣògo wọ ìgboro Ìbàdàn: ẹni méjì níwájú, ẹni mẹ́ta lẹ́yìn, àpò gààrí nínú búùtù. Owó iléèwé àwọn ìbejì, inú ọkọ̀ yẹn ló ti ń jáde.

Mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá gbọ́ ariwo yìí, kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó fi dájọ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ni. Ó sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Wọ́n ra pílétì, pressure plate àti béárìn kílọ́ọ̀ṣì ní Gáàtì, tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n dè é padà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ ò fi jáde. Nígbà tí wọ́n wá ṣáná sí i, híìììn náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dún bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Bàbá Ìbejì fúnra wọn ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, láìmọ̀ pé ẹ̀rí ni. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì, ṣé o mọ̀ pé tí mo bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀ báyìí, ariwo yẹn á dákẹ́ wẹ́lo?" Físíìsì ni mò ń kà, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá béárìn kílọ́ọ̀ṣì láre tán. N kò tètè ronú sí i, èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀.

Èrò tèmi rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi jà tí ẹ ò bá gbà: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí ariwo láì kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bi ariwo náà léèrè ọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò náà ò gba irinṣẹ́, kò gba kọ̀ǹpútà, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ná. Ẹ́ńjìnì ní irin ńlá kan tó rí róbótó ní ìdí, òun ni wọ́n ń pè ní flywheel. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kì í sinmi. Gíàbọ́ọ̀sì náà ní ọ̀pá irin kan tó yọ síta, ibẹ̀ ni agbára ń gbà wọlé sí i. Orí ọ̀pá yìí ni pílétì kílọ́ọ̀ṣì jókòó sí, láàárín flywheel àti pressure plate. Sípíríǹgì tó wà lára pressure plate ló ń ti pílétì mọ́ flywheel tí gbogbo wọn fi ń yí pọ̀. Tí ẹ bá wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, béárìn kan á sún síwájú, á ti àwọn ìka sípíríǹgì náà, pressure plate á tú ọwọ́, pílétì á bọ́. Flywheel á ṣì máa yí, ṣùgbọ́n ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì á dúró.

Ṣé ẹ rí i pé súìṣì ni ẹsẹ̀ yín? Tí ẹ bá gbé e kúrò, ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì ń yí lórí béárìn tirẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ọ̀pá yẹn á dúró, béárìn kílọ́ọ̀ṣì ló kù tó ń ru ẹrù. Nínú yàrá ìwádìí wa, ohun tí àwọn olùkọ́ fi ń lọ̀ wá létí lójoojúmọ́ ni pé kí a yí ohun kan ṣoṣo padà, kí a sì wo ohun tó bá a yí. Ẹni tó ṣe kílọ́ọ̀ṣì ti bá wa ṣètò ìyẹn sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú. Ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi gíà sí free, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, ẹ pa rédíò. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá kí ẹ sì gbọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni ń tẹ ẹyin, kí ẹ gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ẹ mú un dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ tún gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Tí ariwo bá ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò sí níbẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, inú gíàbọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: béárìn ọ̀pá tó ń gba agbára wọlé. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ọ́ìlì gíà ló ti lọ sílẹ̀, ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó ronú nǹkan mìíràn. Ti Bàbá Ìbejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ níbí o, torí ibi tí àwa tó ń ka ìwé ti máa ń ṣìṣe ni. Híìììn tó dán, tó ń ròkè bí ẹ ṣe ń tẹ epo, béárìn nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀ ló ń dún, bí òkúta inú agolo, ó lè jẹ́ àwọn sípíríǹgì kéékèèké ara pílétì ló ti dẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì náà ni yóò sì jẹ̀bi. Tí ariwo bá sì dákẹ́ ní kété tí ẹsẹ̀ yín fara kan kílọ́ọ̀ṣì, kó tó jìn rárá, béárìn kílọ́ọ̀ṣì tó dẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ti gíàbọ́ọ̀sì kì í dákẹ́ títí pílétì á fi bọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹyin nìyẹn.

Òdìkejì rẹ̀ ni èyí tí ń dákẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀, tó wá ń han bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Béárìn kílọ́ọ̀ṣì gan-an nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀ níbẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í, béárìn kékeré kan tún máa ń wà láàárín flywheel, tí orí ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì jókòó sí, òun náà máa ń pariwo nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá kanlẹ̀. Àwọn tó ṣì ń wa Peugeot 504 tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná ni kí wọ́n fi ìyẹn sọ́kàn. Oní-Micra kò nílò rẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra, tó wá fara balẹ̀ tí ó bá ti ń lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta pílétì fún yín kí ẹ tó yẹ engine seat wò. Ọ́ìlì tó ń jò sórí pílétì lè fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà engine seat tó ti já máa ń fa irú ìgbọ̀n yẹn gan-an, ó sì rọrùn jù láti rí: ẹ ṣí bọ́néètì, kí ẹnìkan gbéra díẹ̀ pẹ̀lú búréèkì, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú o, kó wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fò.

Ríbáàsì náà tún wà tó máa ń ké gààààà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ni ríbáàsì wọn ò ní synchro, nítorí náà, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tó fi gíà sí i. Tó bá wọlé jẹ́jẹ́, kò sí ohun tó ṣe é, ìkánjú yín ló ń ké. Tó bá ṣì ń ké lẹ́yìn kíkà yẹn, pílétì ò bọ́ dáadáa. Nínú Micra Bàbá Ìbejì, okùn ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Okùn yẹn máa ń gùn sí i bó bá ṣe ń gbó, títo okùn náà nìkan lè tó.

Ẹnìkan máa sọ pé, "Kí ni gbogbo eléyìí? Ẹ sáà wá mẹkáníìkì olóòótọ́." N kò gbà. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ ṣe ti Bàbá Ìbejì kì í ṣe olè. Ó gbà tọkàntọkàn pé kílọ́ọ̀ṣì ni, ó sì ṣe iṣẹ́ náà mọ́ra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti rí kílọ́ọ̀ṣì tó bàjẹ́ nígbà púpọ̀ débi pé gbogbo ariwo tó bá ti agbègbè yẹn wá, kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń jẹ́ lójú rẹ̀. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, a kàn ní orúkọ tó gùn fún un ni. Èyí tí mo tiẹ̀ rò pé ó yẹ ká bá ara wa wí lé lórí ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ kì í sọ ohun tó ń gbọ́. Yóò kàn ní, "Ó ń dún," á sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ. Ta ló ń sọ fún dókítà pé "ara mi ò dá" tí kì í fi kún un pé ìgbà tí òun bá jẹun ni, tàbí ìgbà tí òun bá dùbúlẹ̀?

Àwọn àgbà mẹkáníìkì mọ̀ ju ohun tí mo ń kọ yìí lọ, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bàbá kan tó ṣe é níkẹyìn, ní apá ọ̀nà Àkànrán, kò bi wá ní nǹkan kan. Ó mú súkúrúdírábà gígùn kan, ó fi ẹnu rẹ̀ ti ara gíàbọ́ọ̀sì, ó fi etí sí ìdí rẹ̀, bí dókítà tó ń gbọ́ àyà. Ó ní kí Bàbá Ìbejì tẹ̀ ẹ́, kó fi í sílẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Irin líle máa ń gbé ìró dé etí ju afẹ́fẹ́ lọ, ìdí tó fi ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Inú ni. Wọ́n ti fi owó yín ṣòfò." Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Síbẹ̀, mo ní láti dá ẹni àkọ́kọ́ láre lórí ohun kan. Tí gíàbọ́ọ̀sì bá ti wà nílẹ̀, tí pílétì sì ti fẹ́ jẹ tán, ó bọ́gbọ́n mu kí wọ́n pààrọ̀ pílétì àti béárìn kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa tún ṣe tí wọ́n bá fi ọ̀kan sílẹ̀. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ìpinnu láti sọ ọ́ kalẹ̀ ni mò ń bá jà. (Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku dúdú inú ilé kílọ́ọ̀ṣì. Asbestos ni wọ́n fi ń ṣe ojú pílétì tẹ́lẹ̀, ó máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, Britain sì ti fòfin dè é láti 1999. A ò mọ iye ọdún tí pílétì tí ẹ ń tú ti lò. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún.)

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, torí kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń pa kílọ́ọ̀ṣì. Mo bá Bàbá Ìbejì jókòó níwájú lọ́jọ́ kan láti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Màpó. Hólùdọ́ọ̀pù wà. Wọn ò tẹ búréèkì rárá. Wọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì sí àárín, wọ́n fi epo díẹ̀ sí i, ọkọ̀ dúró sójú kan lórí òkè, kò lọ, kò padà. Ó wuyì lójú. Ìwà tí àwọn awakọ̀ wa fi ń yangàn ni. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ẹ̀yìn rìsíìtì.

Ká sọ pé Micra àti èèyàn mẹ́fà inú rẹ̀ wọn 1,200 kìlógírámù. Tí ẹ bá gbéra lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí kílọ́ọ̀ṣì sì di ọwọ́ mú pátápátá nígbà tí ọkọ̀ ń lọ ní 10 kìlómítà ní wákàtí kan, ooru tó wọ ojú pílétì tó nǹkan bí 4,600 joule. Tí ẹ bá fà á gùn títí dé 20 kìlómítà, kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Àmọ́ ti òkè ló bani lẹ́rù. Lórí òkè tó ń gbé mítà kan sókè nínú mítà mẹ́wàá, tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíà kíní àti dífù jọ jẹ́ nǹkan bí 14, ooru tó ń wọ pílétì sún mọ́ 3,500 watt. Ẹ ronú áyọ́ọ̀nù mẹ́ta tó gbóná janjan, kí ẹ tẹ gbogbo wọn mọ́ pílétì kan náà. Ìdajì ìṣẹ́jú pére tí ẹ fi dúró bẹ́ẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ẹ gbéra nígbà 23. Ohun tó ń rùn bí rọ́bà jíjó ní òkè Màpó nìyẹn, owó ló ń jó.

Búréèkì ọwọ́ ni a ṣe fún ibẹ̀. Ẹ fà á, ẹ fi gíà sí free, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Tí ọ̀nà bá ṣí, ẹ fi gíà kíní sí i, ẹ rọra gbé kílọ́ọ̀ṣì títí ọkọ̀ á fi fẹ́ fà, ẹ fi epo kún un, ẹ wá tú búréèkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi ẹsẹ̀ òsì sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá ń lọ ní ọ̀nà tó já geere. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ yẹn kékeré lójú yín, ṣùgbọ́n béárìn kílọ́ọ̀ṣì ń ru ú láti Ọlọ́runṣògo dé Gáàtì.

Ní ti kí gíà máa wọlé jẹ́jẹ́, òrùka idẹ kan wà nínú gíàbọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní synchro. Cadillac ló kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ọkọ̀ ní 1928. Ṣáájú rẹ̀, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá eyín gíà ṣe ìlàjà, á tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì fún gíà kan. Òrùka yìí á fi ara pa gíà tó fẹ́ wọlé títí ìyípo wọn á fi dọ́gba, kó tó gbà kí eyín wọ eyín. Ó nílò àkókò díẹ̀. Ẹni tó bá ń já gíà wọlé bí ẹni ń já ilẹ̀kùn, òrùka yẹn ló ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì nìkan ni synchro lè bá ṣe é. Ẹ́ńjìnì wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún yín. Ká ní iye gíà kejì jẹ́ 1.9, ti ẹ̀kẹta jẹ́ 1.3. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 3,000 ní gíà kejì, ó ní láti já wá sí nǹkan bí 2,050 fún ẹ̀kẹta bí eré ọkọ̀ ò bá yí padà. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo tí ẹ dúró díẹ̀, á já fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń padà sílẹ̀ láti ẹ̀kẹta sí kejì, òdìkejì ni: ẹ fi epo díẹ̀ gbé e sókè kí ẹ tó fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe é, pílétì ni yóò fi ara rẹ̀ dí àlàfo yẹn, orí ìyá tó jókòó lẹ́yìn á sì fò síwájú.

Kí n má gbàgbé ti free. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni àwọn awakọ̀ wa ń fi free sọ̀ kalẹ̀ pé àwọn ń tọ́jú epo. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ oní-kábúrétọ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nínú Micra tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo, ọ̀rọ̀ ti yí padà: tí gíà bá wà nínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò sí lórí epo, ọkọ̀ ló ń yí ẹ́ńjìnì, kọ̀ǹpútà á sì pa epo pátápátá. Ní free, ẹ́ńjìnì ní láti mu epo kó má bàa kú. Ẹ tún pàdánù ìdádúró tí ẹ́ńjìnì ì bá fún yín, búréèkì nìkan ló kù.

Wọ́n ti ṣe inú gíàbọ́ọ̀sì náà. Ọ́ìlì tó jáde nínú rẹ̀ dúdú bí omi ẹ̀lúbọ́, lúlúù irin ń dán nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù béárìn méjì sì ti họ. Bàbá Ìbejì sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún ariwo kan, ìdákọ́mu oṣù yẹn sì wọlé tán síbẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, a tún gòkè Màpó. Hólùdọ́ọ̀pù dé. Wọ́n fa búréèkì ọwọ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò, wọ́n ká ọwọ́. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn na ọrùn síwájú, ó ní, "Dírẹ́bà, ṣé ọkọ̀ yín ti bàjẹ́ ni?" Bàbá Ìbejì yíjú sí mi, wọ́n ní kí n dá a lóhùn.